Orúkọ Tí Àlejò Sọ Bàtà

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe àlejò ni ó sọ ọmọ lórúkọ ńkọ́? Ìbéèrè yìí ni bàtà kan láti àríwá Yúróòpù gbé ka iwájú wa.

Àwọn Sámi, tí ilẹ̀ wọn nà láti Nọ́wè àti Sweden dé Finland àti Rọ́ṣíà, ni wọ́n ń rán an. Awọ ẹsẹ̀ reindeer, ẹran kan tí ó jọ àgbọ̀nrín, ni wọ́n fi ń ṣe é, irun rẹ̀ a sì wà níta. Ní àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n a to awọ náà kí irun apá kan lè dojú kọ ti apá kejì, kí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ má baà yọ̀ ṣubú. Dípò ìbọ̀sẹ̀, koríko gbígbẹ tí wọ́n ti lù títí ó fi rọ̀ ni wọ́n ń kì sínú rẹ̀. Koríko náà a máa fa òógùn mu. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n a yọ ọ́ sá lẹ́bàá iná. Ẹnu bàtà náà ká sókè bí ìwọ̀, kì í sì í ṣe fún ẹwà lásán: òun ni ó ń há okùn pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rìn lórí yìnyín.

Finnesko ni àwọn ará Nọ́wè ń pè é. Sko ni bàtà. Finn sì ni orúkọ tí àwọn baba ńlá wọn fi ń pe Sámi. Ìdí nìyí tí ẹkùn kan ní àríwá Nọ́wè fi ń jẹ́ Finnmark títí di òní. Ẹni tí ó bá rò pé Finland ni bàtà náà ti gba orúkọ ti ṣìnà. Ṣùgbọ́n bàtà aláwọ tí kò ní irun, komag ni Nọ́wè ń pè é, ọ̀rọ̀ tí wọ́n yá láti inú gáma, tí í ṣe bàtà ní èdè Sámi.

Finnesko wọ inú èdè Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. Ní 1898, Sámi méjì, Per Savio àti Ole Must, bá Borchgrevink rìnrìn-àjò lọ sí Antarctica. Finnesko ni Scott àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì wọ̀ dé ìpẹ̀kun gúúsù ayé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1912. Ní àkókò yẹn kan náà, ilé ẹ̀kọ́ ní Nọ́wè ń fi ipá gba èdè Sámi lẹ́nu àwọn ọmọ wọn. Wọ́n fẹ́ bàtà náà, wọn kò fẹ́ ẹnu tí ó mọ orúkọ rẹ̀. Ọdún 1989 ni ìgbìmọ̀ aṣojú Sámi tó ṣí ní Nọ́wè.

Síbẹ̀, orúkọ tí àlejò sọ bàtà yìí kò purọ́ tán: ó ṣì ń jẹ́rìí ẹni tí ó rán an. Iṣẹ́ tiwa ni pé kí a béèrè bí ẹni náà ṣe ń pe ara rẹ̀.