Kálórì Àmúdúró: Iye Oúnjẹ Tí Kì Í Jẹ́ Kí Ẹni Tó Ti Fọ́n Tún Sanra

Kálórì àmúdúró ni iye agbára inú oúnjẹ tí ènìyàn lè jẹ lójúmọ́ tí kò fi ní sanra sí i, tí kò sì ní rù. Bí iye tó ń gba ẹnu wọlé bá dọ́gba pẹ̀lú iye tí ara ń ná, ìwọ̀n ara á dúró sójú kan. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi oṣù mélòó kan dín oúnjẹ kù ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Iye tó ń jẹ kó tó fọ́n ti pọ̀ jù fún un báyìí, iye tó sì ń jẹ nígbà tó ń fọ́n kò ṣeé jẹ títí ayé. Iye tuntun kan wà láàárín méjèèjì, òun ló sì yẹ kó wá. Ìṣirò lè júwe àdúgbò tí iye náà wà, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n àti àkọsílẹ̀ ẹni fúnra rẹ̀ ló ń mú un délé.

Kálórì àti àwọn tó kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n

Kálórì tí à ń rí lára páálí oúnjẹ jẹ́ ìwọ̀n ooru: ooru tó tó láti mú kí kílógíráàmù omi kan fi ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì 1 gbóná sí i. Ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Wilbur Atwater ní Yunifásítì Wesleyan, ní ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà, lo yàrá kan tí ènìyàn lè gbé inú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, tí wọ́n á sì máa wọn ooru àti afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀. Láti inú iṣẹ́ rẹ̀ ni iye tí gbogbo ayé ṣì ń lò ti wá: gíráàmù 1 èròjà afáralókun tàbí amúaradàgbà ní nǹkan bíi kálórì 4, ti ọ̀rá ní 9, ti ọtí líle sì ní 7.

Ní 1919, J. Arthur Harris àti Francis Benedict gbé ìlànà ìṣirò kan jáde tí a fi lè díwọ̀n agbára tí ara ń ná nígbà tó bá wà ní ìsinmi. Ní 1990, Mifflin, St Jeor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé òmíràn jáde. Èyí ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ oúnjẹ ń lò báyìí.

Ibi tí ara ń ná agbára sí

Ẹni tó dùbúlẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ láìṣe iṣẹ́ kankan ṣì ń ná agbára púpọ̀. Ọpọlọ, ọkàn, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín kì í sinmi, ara sì gbọ́dọ̀ máa lọ́ wọ́ọ́rọ́. Lára ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò gba agbára púpọ̀, ìnáwó ìsinmi yìí máa ń tó ìdá 60 sí 75 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ohun tó ń ná lójúmọ́. Dídà oúnjẹ nínú máa ń gba nǹkan bí ìdá 10. Èyí tó kù ni ti ìrìn, iṣẹ́ ilé, eré ìdárayá, àti gbogbo yíyí síhìn-ín yíyí sọ́hùn-ún tí ènìyàn ń ṣe láìmọ̀.

Oúnjẹ kò rí bákan náà nínú ikùn. Nínú kálórì tó wà nínú ẹyin, ẹ̀wà, ẹja tàbí ẹran, ara máa ń ná ìdá 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún ti èròjà amúaradàgbà lórí dídà á nìkan. Ti afáralókun jẹ́ 5 sí 10, ti ọ̀rá kò sì sábà ju 3 lọ. Èròjà amúaradàgbà tún máa ń jẹ́ kí ènìyàn yó pẹ́, ó sì ń dáàbò bo iṣan ara. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó pọ̀ dáadáa nínú àwo ẹni tó fẹ́ mú ìwọ̀n rẹ̀ dúró.

Ohun tó ń yí padà lẹ́yìn fífọ́n

Ohun àkọ́kọ́ hàn gbangba: ara tó kéré kì í ná tó ara tó tóbi. Ara tí a ti yọ kílógíráàmù 14 kúrò lára rẹ̀ kò ní ẹrù yẹn láti bọ́ mọ́, kò sì ní i láti gbé gun àtẹ̀gùn mọ́.

Ohun kejì fara sin díẹ̀. Ní 1995, Rudolph Leibel, Michael Rosenbaum àti Jules Hirsch ní Yunifásítì Rockefeller ní New York fi hàn pé nígbà tí ènìyàn bá pàdánù ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀, ìnáwó ara rẹ̀ máa ń dín kù ju ohun tí kíkéré ara nìkan lè ṣàlàyé lọ. Ara ń ṣọ́wó ná. Ní 2016, Kevin Hall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí jáde lórí àwọn ènìyàn 14 tó kópa nínú The Biggest Loser, ìdíje fífọ́n orí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, ìnáwó ìsinmi wọn ṣì fi nǹkan bíi kálórì 500 lójúmọ́ kéré sí èyí tó yẹ ara wọn. Àpẹẹrẹ tó le gan-an nìyí. Iye tí ọ̀pọ̀ ìwádìí mìíràn rí kéré sí i púpọ̀.

Ohun kẹta ni ebi. Leptin, họ́mónù tí Jeffrey Friedman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàwárí ní 1994, máa ń ti inú ọ̀rá ara jáde láti sọ fún ọpọlọ pé ìpamọ́ ṣì wà. Bí ọ̀rá bá dín kù, leptin á dín kù, ghrelin tó ń ru ebi sókè á sì pọ̀ sí i. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Melbourne, tó jáde ní 2011, fi hàn pé ọdún kan lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn ti fọ́n, họ́mónù wọ̀nyí kò tíì padà sí bí wọ́n ṣe wà. Ancel Keys ti rí irú ebi yìí ṣáájú ní Yunifásítì Minnesota láàárín 1944 sí 1945. Àwọn ọkùnrin 36 fínnú-fíndọ̀ gbà kí wọ́n dín oúnjẹ wọn kù fún ọ̀sẹ̀ 24, wọ́n sì pàdánù nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n ara wọn. Nígbà tí wọ́n tún ń fún wọn lóúnjẹ, ebi kò tètè fi wọ́n sílẹ̀, àwọn mìíràn sì ń jẹ àjẹjù fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó ti fọ́n tí ebi sì ń pa kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe wọ̀bìà. Ara rẹ̀ ló ń bẹ̀bẹ̀ fún ohun tó pàdánù. Ó yẹ kó mọ èyí, kó má baà máa bú ara rẹ̀.

Bí a ṣe ń wá iye náà

Ọ̀nà méjì ló wà, ó sì dára kí a gba méjèèjì pọ̀. Ti àkọ́kọ́ ni ìlànà Mifflin àti St Jeor. Fi 10 sọ ìwọ̀n ara ní kílógíráàmù di púpọ̀, fi 6.25 sọ gíga ní sẹ̀ǹtímítà di púpọ̀. Ro méjèèjì pọ̀, kí o sì yọ ọjọ́ orí lọ́nà 5 kúrò. Ọkùnrin á fi 5 kún un, obìnrin á yọ 161. Iye tó bá jáde ni ti ìsinmi. Lẹ́yìn náà, fi 1.4 sí 1.6 sọ ọ́ di púpọ̀ fún ẹni tó ń jókòó ṣiṣẹ́, tàbí 1.7 sí 1.9 fún ẹni tó ń rìn tàbí tó ń lo agbára púpọ̀ lójúmọ́.

Ká ní obìnrin ẹni ogójì ọdún kan, tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 165, ti ti orí kílógíráàmù 92 bọ́ sí 78, tó sì ń jókòó ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì. Ìlànà yìí á fún un ní 1,450 fún ìsinmi; bí a bá fi 1.4 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 2,030. Nígbà tó wọn 92, nǹkan bíi 2,230 ni ìlànà yìí kan náà ìbá fún un. Bó bá padà sí oúnjẹ rẹ̀ àtijọ́, á ti fi nǹkan bíi 200 ré kọjá lójoojúmọ́.

Ọ̀nà kejì ni àkọsílẹ̀ rẹ̀. Kílógíráàmù ọ̀rá ara kan ní nǹkan bíi kálórì 7,700. Ká ní ó jẹ 1,600 lójúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó gbẹ̀yìn, tó sì fọ́n kílógíráàmù 1.2. Ìyẹn jẹ́ 9,240 láàárín ọjọ́ 28, tàbí 330 lójúmọ́. Fi 330 kún 1,600, ó di 1,930. Àkọsílẹ̀ yìí fi 100 kéré sí ìlànà, àkọsílẹ̀ ló sì yẹ kó gbà gbọ́, nítorí ara tirẹ̀ gan-an ló ti wá. Ìṣirò 7,700 dára fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Kò ṣeé fi sọ àsọtẹ́lẹ̀ ọdún kan, nítorí bí ìwọ̀n ara ṣe ń yí padà ni ìnáwó rẹ̀ náà ń yí.

Kò gbọ́dọ̀ fò láti 1,600 sí 1,930 kó sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Ó lè máa fi 100 sí 150 kún un lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kó máa gun òṣùwọ̀n ní àárọ̀ lẹ́yìn tó bá ti tọ̀, kó tó jẹun, kó sì máa fi ìpíndọ́gba ọ̀sẹ̀ kan wé ti èyí tó ṣáájú. Bí ìpíndọ́gba bá ṣì ń lọ sílẹ̀, kó fi kún un. Bó bá dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ó ti débẹ̀. Àwọn kan gbà pé fífi kún un díẹ̀díẹ̀ báyìí máa ń jí ìnáwó ara dìde. Kò sí ẹ̀rí tó dájú fún ìyẹn. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ó ń jẹ́ kí ènìyàn rí ojú ààlà kó tó kọjá rẹ̀.

Ohun tó ń da òṣùwọ̀n rú

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí oúnjẹ bá pọ̀ sí i, ìwọ̀n lè fi kílógíráàmù kan tàbí méjì gòkè. Ẹ̀rù máa ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn níbí, wọ́n á sì padà sí ìfebipara. Kì í ṣe ọ̀rá. Ara ń tọ́jú afáralókun pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, gíráàmù kọ̀ọ̀kan rẹ̀ sì ń mú nǹkan bíi gíráàmù omi 3 dání. Iyọ̀ inú ọbẹ̀ ń fa omi mọ́ra, nǹkan oṣù obìnrin náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Omi yìí kì í pọ̀ sí i títí. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá, á dúró. Bí ìwọ̀n bá ṣì ń gòkè ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, oúnjẹ ló ti pọ̀ jù.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kálórì 100 tó ré kọjá lójoojúmọ́ kò ní hàn ní ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n tó bá pẹ́, aṣọ á máa fún. Nítorí náà ó dára kí ènìyàn pinnu ṣáájú pé, bí ìpíndọ́gba òun bá fi kílógíráàmù méjì kọjá ibi tó dúró sí, òun á tún àkọsílẹ̀ òun yẹ̀ wò.

Inú ìkòkò àti orí àwo

Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní New York, tó jáde ní 1992, fi hàn pé àwọn kan tí wọ́n ní àwọn kì í fọ́n bó ti wù kí àwọn jẹ kéré tó ń kọ nǹkan bí ìdajì péré nínú oúnjẹ wọn sílẹ̀. Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa. Ojú kì í mọ ìwọ̀n oúnjẹ.

Òkèlè ilẹ̀ Yorùbá jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára. Gíráàmù 100 gàrí gbígbẹ ní nǹkan bíi kálórì 350. Omi gbígbóná tí a fi tẹ̀ ẹ́ kò ní kálórì kankan, nítorí náà ẹ̀bà tó rọ̀ àti ẹ̀bà tó le lè dọ́gba lójú, kí gàrí inú wọn má sì dọ́gba rárá. Gàrí ni kí a wọ̀n kí omi tó kàn án. Bákan náà ni èlùbọ́. Ní ti ọbẹ̀, ṣíbí ìjẹun epo pupa tàbí òróró kan ní nǹkan bíi kálórì 120. Ẹni tó bu ọbẹ̀ láti òkè ìkòkò, níbi tí epo ti léfòó, lè bu ṣíbí mẹ́ta pọ̀ mọ́ ẹran. Àkàrà ń mu òróró. Mọ́ínmọ́ín tí a fi ẹ̀wà kan náà ṣe kì í mu tó bẹ́ẹ̀. Ìgò mínírà tó ní gíráàmù ṣúgà 50 ní kálórì 200, kì í sì í yóni. Ẹ̀pà sísun tí a ń jẹ nídìí iṣẹ́ náà kò gbọ́dọ̀ sọnù nínú àkọsílẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ èèwọ̀; kí a ṣáà mọ iye wọn ni.

Iṣẹ́ ara

Ìwádìí kan tí Amy Luke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2009 fi àwọn obìnrin ìgbèríko gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà wé àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà. Iye agbára tí wọ́n ń ná kò fi ẹni tó máa sanra hàn ní orílẹ̀-èdè méjèèjì. Ìrìn nìkan kì í ṣẹ́gun àwo tó kún jù.

Síbẹ̀, lẹ́yìn fífọ́n, iṣẹ́ ara wúlò gan-an. Ní 1994, Rena Wing àti James Hill bẹ̀rẹ̀ sí í kó orúkọ àwọn tó ti fọ́n tó kílógíráàmù 13.6, tí wọ́n sì ti mú un dúró fún ọdún kan ó kéré tán, jọ sínú National Weight Control Registry ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ń ṣe eré ìdárayá tó nǹkan bíi wákàtí kan lójúmọ́, wọ́n ń jẹun àárọ̀, wọ́n sì ń gun òṣùwọ̀n ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ó kéré tán.

Àwọn tó yẹ kó rí dókítà

Aláboyún, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́yàn, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí àrùn kíndìnrín, àti ẹni tí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ti di ìdààmú ọkàn fún kò gbọ́dọ̀ dá ṣe ìṣirò yìí. Ẹni tó ń lo oògùn bíi semaglutide náà gbọ́dọ̀ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó dá a dúró: ìwádìí kan tó jáde ní 2022 fi hàn pé, láàárín ọdún kan tí wọ́n dá a dúró, àwọn tó lò ó gba nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí wọ́n pàdánù padà.

Iye àmúdúró kì í dúró sójú kan títí láé. Iṣẹ́ tuntun, àìsàn, ọmọ bíbí àti ọjọ́ orí lè yí i padà. Ẹni tó bá mọ bó ṣe rí i ní ìgbà àkọ́kọ́ lè tún un wá nígbàkígbà tó bá yí, pẹ̀lú òṣùwọ̀n, ìwé àti sùúrù ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.