Ojú àti ìṣesí ara ni dókítà fi ń mọ bí orí àti ọ̀pá ẹ̀yìn ṣe fara pa tó

Bí ìjàǹbá ọkọ̀ bá ṣẹlẹ̀, ohun tí àwọn èèyàn sábà máa ń ṣe ni pé wọ́n á di ẹni tó fara pa mú lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, wọ́n á sì sáré gbé e jù sínú ọkọ̀. Àánú ló ń ṣe wọ́n, ṣùgbọ́n bí eegun ọrùn onítọ̀hún bá ti ṣẹ́, irú gbígbé bẹ́ẹ̀ lè sọ ọ́ di arọ. Ojú rẹ̀ àti bí ara rẹ̀ ṣe rí ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò.

Lọ́dún 1974 ni Graham Teasdale àti Bryan Jennett, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ méjì ní Yunifásítì Glasgow nílẹ̀ Scotland, gbé òṣùwọ̀n kan jáde, èyí tí àwọn ilé ìwòsàn káàkiri àgbáyé ṣì ń lò. Ohun mẹ́ta ló ń wò: ojú, ọ̀rọ̀ ẹnu àti bí ara ṣe ń mì.

Máàkì 4 ni ti ojú. Ẹni tó la ojú fúnra rẹ̀ gba 4, ẹni tó là á nígbà tí wọ́n pè é gba 3, ẹni tí wọ́n ní láti tẹ èékánná rẹ̀ kó tó là á gba 2, ẹni tí kò là á rárá gba 1. Ọ̀rọ̀ ẹnu ní 5, ara ní 6. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 15, èyí tó kéré jù lọ sì ni 3. Bí ó bá ti di 8 tàbí tó wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀ràn náà ti le gan-an.

Ẹni tó ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe gba 6 lórí ara. Ẹni tó ká apá méjèèjì mọ́ àyà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ nà gbọnrangandan, gba 3. Bí apá náà bá nà, tí ọwọ́ yí sí ẹ̀yìn, 2 ni, nítorí ìpalára náà ti dé ìdí ọpọlọ tó ń darí èémí.

Dókítà tún máa ń tan tọ́ọ̀ṣì sí ọmọlójú. Ó yẹ kó sún kì. Bí ọ̀kan bá fẹ̀ ju èkejì lọ, tí kò sì mọ ìmọ́lẹ̀ lára, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà nínú agbárí. Láti ọdún 2018 ni wọ́n ti lè yọ máàkì kan tàbí méjì nítorí èyí.

Ti ọ̀pá ẹ̀yìn yàtọ̀. Ojú lè mọ́ kedere, ẹnu lè sọ̀rọ̀ já gaara, síbẹ̀ kí ẹsẹ̀ má mọ ìfọwọ́kàn. Bí ikùn nìkan bá ń mì nígbà tó ń mí, ìpalára lè wà lọ́rùn.

Nítorí náà, ẹ má fà á, ẹ má sì gbé e jókòó. Ẹ di orí rẹ̀ mú kó má mì, kí ẹ pe àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó lórí 122. Bí iná bá fẹ́ jó o, kí ọwọ́ púpọ̀ gbé e, kí orí, ọrùn àti ẹ̀yìn wà lọ́gbọọgba. Ẹ má sọ pé ọtí ló ń pa á. Bó bá sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, tó wá dákẹ́ lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún dókítà, pẹ̀lú àkókò tó dákẹ́: èyí lè jẹ́ àmì pé ó gbọ́dọ̀ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ kíákíá.