Ogun Ta Ni? Iṣẹ́ Ológun Ọ̀ranyàn ní Ilẹ̀ Kétu àti Ọ̀họ̀rí, 1912 sí 1919

Ní ọdún 1885, àwọn oníṣòwò Jámánì gba etíkun Màhín lọ́wọ́ Amapetu nípa ìwé àdéhùn. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba Jámánì ti yọwọ́ kúrò níbẹ̀ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jùmọ̀ fa ààlà tí ó la ilẹ̀ Yorùbá ìhà ìwọ̀-oòrùn sí méjì. Kétu, Sábẹ àti Ọ̀họ̀rí bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ àti àwọn ìlú tó sún mọ́ ọn bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ẹni tó bi ará Òde Màhín tàbí ará Kétu léèrè. Síbẹ̀, nígbà tí ogun àgbáyé kìn-ín-ní bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, irú ìwé báyìí ló pinnu ogun tí ọmọ oníkálukú yóò bá lọ, àti ọ̀nà tí wọn yóò gbà mú un lọ.

Iṣẹ́ ológun ọ̀ranyàn ni pé kí òfin fi dandan mú ọmọ ìlú wọ iṣẹ́ ogun fún iye ọdún kan. Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa. Abala 220 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fi àyè sílẹ̀ fún Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin láti gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀. Ní àkókò tí ajínigbé àti apániláyà ń da ìlú láàmú, ó yẹ kí á mọ èrè àti àdánù rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dábàá pé kí á lo àyè yẹn. A ti dán an wò rí lórí ilẹ̀ Yorùbá.

Kí òyìnbó tó dé, ogun ní ètò tirẹ̀. Ní Ọ̀yọ́, 70 ni àwọn Ẹ̀ṣọ́, ogun sì ni iṣẹ́ wọn. Ní Ìbàdàn, olóyè ológun ló ń kó ọmọ ogun jọ sínú agboolé rẹ̀, tí ó ń bọ́ wọn, tí ó sì ń pín wọn ní ìkógun. Bí ọ̀tá bá ká ìlú mọ́, gbogbo ẹni tó lè gbé ohun ìjà ni yóò jáde. Ojúṣe wà nínú èyí, ṣùgbọ́n ẹni tó ń jà mọ ohun tí ó ń jà fún. Kétu mọ̀ ọ́n ju ọ̀pọ̀ lọ: ní 1886, àwọn ọmọ ogun Dahomey run ìlú náà, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú.

Ètò Faransé yàtọ̀. Láti 1857 ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú sílẹ̀ ní Sẹ̀nẹ̀gà. Ní 1910, ọ̀gágun Charles Mangin kọ ìwé kan láti fi hàn pé Áfíríkà lè pèsè ọmọ ogun púpọ̀ fún Faransé. Ní 1912, àṣẹ jáde pé wọ́n lè fi dandan mú ọ̀dọ́mọkùnrin láti ọmọ 20 ọdún sí 28, kí wọ́n sì sìn fún ọdún mẹ́rin. Nígbà tí ogun dé, iye tí agbègbè kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú wá ni wọ́n ń bù fún àwọn olórí ìlú.

Ó yẹ kí á gbọ́ ẹjọ́ àwọn tó fara mọ́ ètò náà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: orílẹ̀-èdè tí ọ̀tá kọlù kò lè dúró de ẹni tó bá wù. Òfin ọ̀ranyàn, bí ó bá dọ́gba, kò ní jẹ́ kí ogun di iṣẹ́ ọmọ tálákà nìkan. Ó tún lè sọ ẹni tó sìn di ẹni tí ìjọba jẹ ní gbèsè. Ohun tí Blaise Diagne, aṣòfin Sẹ̀nẹ̀gà, dì mú nìyẹn. Ó rí i pé òfin 1916 fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ọmọ Faransé ni àwọn ọmọ ìlú mẹ́rin tí a mọ̀ sí Saint-Louis, Gorée, Rufisque àti Dakar, bí wọ́n ti ń bá àwọn ọmọ Faransé sìn nínú ogun kan náà. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ sì wá kó ọmọ ogun jọ ní 1918, ó rí bíi 63,000, ju iye tí wọ́n béèrè lọ.

Ṣùgbọ́n ọmọ Kétu kì í ṣe ọmọ Dakar. Ẹni abẹ́ àkóso lásán ni: ó ń san owó orí, ó ń ṣe iṣẹ́ àfipáṣe, aláṣẹ òyìnbó sì lè jù ú sẹ́wọ̀n láìsí ilé ẹjọ́. Àwọn olórí tó ń yan ẹni tí yóò lọ kò sì wà lọ́wọ́ ìlú mọ́. Ní Kétu, Alaba Ida, aya Alákétu, ni àwọn Faransé gbé agbára lé lọ́wọ́ lásìkò náà. Olórí tó ń wá iye tí wọ́n bù fún un kò ní ṣòro fún láti yọ ọmọ ẹbí tirẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì tọ́ka sí ọmọ ẹni tí kò lẹ́nìkan.

Àwọn Ọ̀họ̀rí dìde ogun sí Faransé lásìkò ogun àgbáyé náà. Owó orí, iṣẹ́ àfipáṣe àti kíkó ọmọ lọ sógun ló fà á. Ilẹ̀ amọ̀ dúdú tí omi ń bò lásìkò òjò ni ilẹ̀ wọn, àjèjì kò sì lè rìn ín bó ṣe fẹ́. Ẹni tó bá ti gbé létí omi Màhín yóò mọ bí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe lè di odi. Ní àríwá, Bio Guera darí ọ̀tẹ̀ àwọn ará Borgu, ó sì kú sójú ìjà ní 1916.

Àwọn mìíràn kò jà. Ẹsẹ̀ wọn ni wọ́n fi dáhùn. Onímọ̀ ìtàn A. I. Asiwaju ti fi hàn pé ọ̀pọ̀ ènìyàn láti Kétu, Sábẹ àti Ọ̀họ̀rí kó ẹrù wọn, wọ́n sọdá ààlà sí ìhà Ìmẹ̀kọ, pé ọ̀tẹ̀ ni irú ìṣílọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ìbátan wọn ló gbà wọ́n. Fún ìjọba tó wá ọmọ ogun, àdánù méjì ni: ọ̀dọ́ náà kò wọ ogun, oko àti owó orí rẹ̀ sì lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ní 1917, Gómìnà Àgbà Joost van Vollenhoven kìlọ̀ fún Paris pé kí wọ́n dáwọ́ dúró, nítorí ó ń dá ọ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń ba ètò ọ̀gbìn jẹ́. Wọn kò gbọ́. Ó fi ipò náà sílẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 1918.

A kò gbọdọ̀ tìtorí èyí yin Gẹ̀ẹ́sì jù. Lábẹ́ wọn, ọ̀pọ̀ alááàrù tó ru ẹrù ogun lọ sí Kamẹrúùnù àti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà kò fi tìfẹ́tìfẹ́ lọ. Ní 1918, Ẹ̀gbá ja Ogun Adúbí nítorí owó orí àti iṣẹ́ àfipáṣe. Láàrin 1942 sí 1944, ó ju 100,000 ènìyàn tí wọ́n fi dandan kó lọ sí ibi ìwakùsà tánganran ní Jos. Ìyàtọ̀ tó wà ni pé níhà Ìmẹ̀kọ, ìbọn kò di dandan fún ọmọ oko lábẹ́ òfin. Ìyàtọ̀ yẹn tó ohun tí ènìyàn fi ń kó kúrò nílé bàbá rẹ̀.

Bíi 170,000 ni àwọn tí Faransé kó láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nínú ogun náà. Bíi 30,000 kò padà. Ní 1919, nígbà tí àlàáfíà dé, ni wọ́n wá sọ iṣẹ́ ológun di ọ̀ranyàn gbogbogbò fún ọdún mẹ́ta. Láti 1926, wọ́n ń lo lára àwọn tí òfin náà mú fún iṣẹ́ ọ̀nà àti ojú irin. Ohun tí wọ́n pè ní ààbò ìlú ti di iṣẹ́ àfipáṣe.

Yorùbá ní òṣùwọ̀n kan tí a lè fi wọn ọ̀rọ̀ yìí: àáró. Bí mo bá ro oko rẹ lónìí, oko mi ni yóò kàn lọ́la. Dandan ni àáró, ẹni tó jẹ ẹ́ gbọ́dọ̀ san án, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń pè é ní ìsìnrú. Ìlú mẹ́rin Sẹ̀nẹ̀gà rí ohun tó jọ àáró gbà. Kétu àti Ọ̀họ̀rí ro oko ẹlòmíràn, kò sì sí ẹni tó wá ro tiwọn.

Nítorí náà, èmi kò gbà pé iṣẹ́ ológun ọ̀ranyàn burú níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n lásìkò ogun abẹ́lé, àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti bíi 10,000 kúrò, wọ́n ju 200,000 lọ láìsí òfin ọ̀ranyàn. Àìtó ènìyàn nìkan kò tó ìdí. Kí ìjọba tó fi dandan béèrè ọmọ lọ́wọ́ ará etí omi Ìlàjẹ, tí òkun ń gba ilẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ lójoojúmọ́, ó yẹ kí ó lè tọ́ka sí oko tí òun ti bá a ro. Bí kò bá rí i tọ́ka sí, ohun tí àwọn tó sọdá sí Ìmẹ̀kọ sọ ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni ìdáhùn tí yóò tún gbà.