Ìkẹ́ Obìnrin ní Oǹdó àti Àkúrẹ́

Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ òde òní bá ń jiyàn bóyá ó ṣì yẹ kí ọkùnrin máa dìde fún obìnrin lórí ìjókòó, kí ó máa gba ẹrù lórí rẹ̀, kí ó sì máa ṣílẹ̀kùn fún un, àwọn jagunjagun ẹlẹ́ṣin ilẹ̀ Yúróòpù àtijọ́ ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí, bí ẹni pé ilẹ̀ tiwa kò ní àṣà kan lórí ọ̀rọ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

Obìnrin ni Ọ̀ṣemàwé, ìyẹn ọba Oǹdó, àkọ́kọ́ tí ìtàn Oǹdó Èkìmọ̀gún mọ̀: Púpùpú, ọ̀kan nínú ìbejì tí a bí sí ààfin nígbà tí ìbejì ṣì jẹ́ èèwọ̀, tí a torí ìbí wọn lé ìyá wọn kúrò nílé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Aírò ọmọ rẹ̀ jọba, adé sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọkùnrin. Ṣùgbọ́n ìlú kò gbàgbé ẹni tó kọ́kọ́ dé e, nítorí Lóbùn, olórí àwọn ìjòyè obìnrin, ni ó ń fi Ọ̀ṣemàwé jẹ oyè títí di òní, òun náà ni ó sì ń ṣe olórí ìbọ Ajé. Kò sí ọkùnrin tó lè jọba Oǹdó kí ó fojú di ọwọ́ obìnrin.

Bí ti ààfin ti rí nìyẹn. Ti agbo ilé wà nínú ìfẹ́sọ́nà. Lẹ́yìn ìfojúsóde, alárenà ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé ọ̀rọ̀ bọ̀, ọ̀dọ́kùnrin a sì san ìṣíhùn kí ọmọbìnrin tó fọhùn. Bí wọ́n bá gbà fún un, iṣẹ́ dé. A pe ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, wọn a gbé ọkọ́ kọ́ èjìká kí ìrì tó gbẹ, ó di oko àna. Bàbá àgbà kan ní Oǹdó sọ fún mi pé lọ́jọ́ tí òun kọ ebè fún bàbá ìyàwó òun, bàbá náà kò sọ̀rọ̀ kan. Ó kàn ń ti ebè kan bọ́ sí èkejì, ó ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ẹ̀yìn wọn wò bóyá ilẹ̀ wọn dì dáadáa. A kì í rí àna fín. Ọdún lé ọdún ni iṣẹ́ náà, kì í ṣe ìdọ̀bálẹ̀ ọjọ́ kan níwájú alága ìjókòó, kí a ya fọ́tò, kí gbogbo rẹ̀ sì parí síbẹ̀. Ohun tí mo rò pé a sọ nù gan-an nìyí: ìdọ̀bálẹ̀ kù, iṣẹ́ ti lọ.

N kò ní fi àpọ́nlé bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ni a ti fẹ́ sílẹ̀ láti kékeré láìbi í léèrè, ẹlòmíràn sì jẹ pàṣán nílé ọkọ. Ìkẹ́ àtijọ́ fi ọ̀wọ̀ fún ìdílé obìnrin ju bí ó ti fi fún òun fúnra rẹ̀ lọ, ibẹ̀ sì ni ó yẹ kí tiwa ti dára ju tiwọn lọ.

Àkúrẹ́ Olóyèmẹkùn ti fi ibi tí ó dúró lé hàn wá. Ní oṣù kẹfà ọdún 2010, ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó, lábẹ́ Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímìkò tí í ṣe ọmọ Oǹdó, rọ Déjì Olúwadáre Adésidà, ọba Àkúrẹ́, lóyè, nítorí pé ó bá ọ̀kan nínú àwọn olorì rẹ̀ jà ní gbangba ìgboro. Ọba tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀, Adébíyìí Adésidà, wàjà ní ọdún 2013. Gẹ́gẹ́ bí àṣà Àkúrẹ́, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, Ọmọba Adétutù Adésidà-Ojei, di adelé. Ó wọ aṣọ ọkùnrin, ó dé fìlà, ó jókòó lórí àga tí a ti lé ọkùnrin kúrò nítorí obìnrin, gbogbo ọlá tó tọ́ sí Déjì ni àwọn ìjòyè sì fi fún un títí di ọdún 2015.