Pẹńkẹlẹ́mẹ́ẹ̀sì

Ẹ dúró lórí àtẹ̀gùn Gbọ̀ngàn Mápó, èyí tí wọ́n ṣí ní 1929, kí ẹ bi àgbàlagbà kan tó ń gòkè bọ̀ láti Ọjà'ba léèrè pé kí ni wọ́n ń pè ní pẹńkẹlẹ́mẹ́ẹ̀sì. Kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ ronú. Á ní wàhálà ni, ọ̀rọ̀ tó ti dojú rú ni. Bẹ́ẹ̀, òyìnbó ni, ọ̀rọ̀ òyìnbó méjì gan-an.

Adégòkè Adélabú ló gbé e wọ̀lú. Wọ́n bí i ní 1915, ó kàwé ní Kúdẹtì àti ní Mápó kí ó tó wọ Gọ́fúmẹ́ǹtì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn. Òyìnbó ẹnu rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Nígbà tí ó kọ ìwé ní 1952, Africa in Ebullition ni ó pè é. Akọ̀wé mìíràn ì bá sọ pé Áfíríkà ń hó, kí ó lo boil, kí ó sì máa lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ni boil àti ebullition, láti inú èdè Látìn ni àwọn méjèèjì ti wá. Ebullient, tí wọ́n fi ń pe ẹni tí ayọ̀ ń ru lára rẹ̀, àbúrò wọn ni. Ẹni tó bá mọ ọ̀kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ mẹ́ta.

Ní 1954, Adélabú di alága ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso Ìbàdàn. Níbi tí òṣèlú ti gbóná ni ó ti pe ọ̀rọ̀ àwọn alátakò rẹ̀ ní peculiar mess. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tẹ̀lé e nínú ẹgbẹ́ Mábọlájẹ́ kò gbọ́ òyìnbó, àmọ́ wọ́n rí ojú rẹ̀, wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ló sọ. Ahọ́n wa kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀, wọ́n bá fi í-ì sí ìdí mess, wọ́n so méjèèjì pọ̀, ó di pẹńkẹlẹ́mẹ́ẹ̀sì.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni ìtàn àwọn ọ̀rọ̀ náà fúnra wọn. Ohun tó jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo ni peculiar láyé àtijọ́, ẹran ọ̀sìn sì ni gbòǹgbò rẹ̀, nítorí ẹran ni ọrọ̀ àwọn ará Róòmù ìgbà náà. Mess ńkọ́? Oúnjẹ tí a gbé kalẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí ibi tí àwọn ọ̀gá ṣọ́jà ti ń jẹun fi ń jẹ́ mess títí dòní. Oúnjẹ di àdàlù, àdàlù di rúdurùdu.

Rúdurùdu náà kò pẹ́ dé. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta 1958, mọ́tò gba ẹ̀mí Adélabú nítòsí Òde Rẹ́mọ. Ẹni ọdún 42 ni. Ìbàdàn gbaná, ẹ̀mí ṣòfò, nítorí àwọn èèyàn rẹ̀ kò gbà pé ìjàǹbá lásán ni. Ní 1994 ni Wole Soyinka fi ọ̀rọ̀ náà sí àkọlé ìwé rẹ̀, Ibadan: The Penkelemes Years. Òyìnbó tó di Yorùbá tún padà wọ inú ìwé òyìnbó.

Èmi náà jẹ nínú pẹńkẹlẹ́mẹ́ẹ̀sì. Níléèwé, tíṣà wa máa ń ní kí a kọ ọ̀rọ̀ kan pẹ̀lú gbogbo ará ilé rẹ̀: fame, famous, famously, infamous. Ìyẹn dára. Àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní ìtumọ̀ wọn jọra ló kó mi sí yọ́ọ́yọ́ọ́. Dókítà ará Ìlú Ọba kan, Peter Mark Roget, ti kó irú wọn jọ sínú ìwé ní 1852, ó to wọ́n bí agbo ilé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ agbo ilé: olè lè wà nínú yàrá tó kángun sí ti àlùfáà.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ìwé ìròyìn, wọ́n ní kí n kọ nípa bàbá kan tó ti ń ta aṣọ òkè ní Ọjà'ba láti ìgbà èwe rẹ̀. Famous ni mo kọ́kọ́ kọ. Ó kéré lójú mi. Mo ṣí ìwé, mo rí renowned, mo rí celebrated, mo rí notorious. Èyí tó dún jù létí mi ni mo mú. Olókìkí ṣáà ni gbogbo wọn, àbí? Ta ló sọ fún mi pé òkìkí burúkú ni notorious?

Ọmọ bàbá náà, lọ́yà ni, ló kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì wa. Ó ní àwọn àna wọn ti ń béèrè ohun tí bàbá ṣe. Díẹ̀ ló kù kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Olóòtú ní kí n lọ bẹ̀bẹ̀, mo bá ra obì, mo gba Bẹyẹrúnkà lọ, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ìwé ló tàn mí jẹ."

Bàbá wò mí títí. Ọmọ ẹgbẹ́ Mábọlájẹ́ ni nígbà èwe rẹ̀.

"Dìde, ọmọ mi. Adélabú ń sọ ọ́, àwa ò gbọ́. Ìwọ ń kọ ọ́, ìwọ náà ò gbọ́."

Ó gba obì náà. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni a tẹ àtúnṣe jáde. Famous ni mo lò.