Èsì àyẹ̀wò kídìnrín: kí ni àwọn nọ́ńbà inú ìwé yẹn ń sọ?

Ìwé pélébé kan ni wọ́n máa ń fún èèyàn ní lábù. Orúkọ aláìsàn wà lókè, àwọn ọ̀rọ̀ òyìnbó tò sí apá òsì, nọ́ńbà wà láàárín, lẹ́tà H tàbí L sì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn kan nínú wọn. Ẹni tó gba ìwé ọ̀hún á wò ó títí, á kà á fún ọmọ rẹ̀ tó kàwé lórí fóònù, ọkàn rẹ̀ ò sì ní balẹ̀ títí di ọjọ́ tó bá tó padà rí dókítà. Àwọn míì kì í tiẹ̀ padà lọ mọ́. Wọ́n á ní kídìnrín ti bàjẹ́ nìyẹn, wọ́n á gba ọ̀dọ̀ alágbo lọ.

Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe gbogbo nọ́ńbà tí wọ́n fàlà sí nídìí ló ń sọ pé kídìnrín ti kú. Èyí tí wọn ò sì fàlà sí rárá lè máa fi nǹkan pamọ́.

Asẹ́ ni kídìnrín

Méjì ni kídìnrín, wọ́n wà lẹ́yìn, lábẹ́ ìhà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju ìkúùkù àgbàlagbà lọ. Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń sẹ́ ògì ti mọ iṣẹ́ wọn: omi ògì á kọjá, eèrí á kù sórí asẹ́. Ti kídìnrín ló kàn yí padà díẹ̀, torí ohun tó dára ló ń dá dúró sínú ẹ̀jẹ̀, ìdọ̀tí ló ń jẹ́ kó kọjá sínú ìtọ̀. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan asẹ́ kéékèèké ló wà nínú kídìnrín kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn lápapọ̀ ń sẹ́ nǹkan bíi 180 lítà lójúmọ́. Ara á gba èyí tó pọ̀ jù padà, lítà kan sí méjì péré ló ń di ìtọ̀. Kídìnrín tún ń bá ara ṣètò ìfúnpá, ó ń mú egungun le, ó sì ń pàṣẹ pé kí ara ṣe ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ fi máa ń dínkù lára ẹni tí kídìnrín rẹ̀ ń rẹ̀yìn.

Asẹ́ tó bá ti bàjẹ́ pátápátá kì í hù padà. Àwọn tó kù ló máa ń fi iṣẹ́ rẹ̀ kún tiwọn, ìyẹn ló fà á tí èèyàn fi lè pàdánù ju ìdajì agbára kídìnrín lọ kó má mọ nǹkan kan lára. Nígbà tí ẹsẹ̀ bá fi máa wú, tí ojú á wú láàárọ̀, tí ara á máa yún èèyàn, tí oúnjẹ á máa rùn sí i, ọ̀rọ̀ ti jìnnà. Àwọn kan á tún sọ pé ó tẹ nǹkan ni, oṣù mẹ́ta á tún lọ sí ìdí ìyẹn.

Creatinine àti eGFR

Creatinine ni orúkọ tí gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Ìdọ̀tí tó ń wá láti ara ẹran ara wa ni, ojoojúmọ́ ni ara ń ṣe é, kídìnrín ló sì ń kó o dànù. Bí kídìnrín bá ń falẹ̀, á máa pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ìwọ̀n tí lábù fi kọ ọ́. Lábù kan lè lo mg/dL kó kọ 1.1, kí lábù kejì lo µmol/L kó kọ 97. Nọ́ńbà kan náà ni. Tí ẹ bá fi 88.4 sọ ìlọ́po àkọ́kọ́, ẹ máa rí èkejì. Àwọn kan ti figbe bọnu rí pé nọ́ńbà wọn fò láti 1 lọ sí 97 láàárín oṣù kan, lábù ni wọ́n kàn pààrọ̀.

Wàhálà tó wà nídìí creatinine ni pé kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká mú 1.1 mg/dL yẹn. Ọ̀dọ́kùnrin ọmọ ọdún 25 tó ń gbé bùlọ́ọ̀kù, tó sì sanra dáadáa, lè ní 1.1. Ìyá àgbà ẹni ọdún 70 tó rí tín-ín-rín náà lè ní 1.1. Ọ̀pọ̀ lábù ò ní fàlà sí èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ṣírò ọjọ́ orí àti bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin mọ́ ọn, ti ọ̀dọ́kùnrin yẹn á jẹ́ nǹkan bíi 95, ti ìyá á jẹ́ nǹkan bíi 54. Ìṣirò yẹn ni wọ́n ń pè ní eGFR. Òun ló ń sọ ìwọ̀n mílílítà tí kídìnrín ń sẹ́ ní ìṣẹ́jú kan, òun gan-an sì ni nọ́ńbà tó yẹ kí èèyàn wá nínú ìwé náà. Bí lábù ò bá kọ ọ́, dókítà lè ṣírò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ lórí fóònù.

Ohun míì tó máa ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn lójú ni ìwé tó ní ìlà méjì, ọ̀kan fún aláwọ̀ dúdú, ọ̀kan fún àwọn yòókù. Ìṣirò ọdún 2009 ló máa ń fi nǹkan bí ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún kún ti aláwọ̀ dúdú. Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ kídìnrín ní Amẹ́ríkà gbé ìṣirò tuntun jáde tí kò ka àwọ̀ mọ́. Bí ìlà méjì bá ṣì wà nínú ìwé yín, ẹ béèrè èyí tí dókítà ń lò, torí èyí tó ga jù lè mú kí ara èèyàn balẹ̀ lásán.

Láti 90 lọ sókè dára. Láti 60 sí 89, tí ìtọ̀ bá mọ́, wọn kì í pè é ní àìsàn kídìnrín. Láti 45 sí 59 ni ìpele kẹta àkọ́kọ́, 30 sí 44 ni ìdajì kejì rẹ̀, 15 sí 29 ni ìpele kẹrin. Ibi tó bá ti wá sílẹ̀ ju 15 lọ ni ìpele karùn-ún, níbi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ àti ìpààrọ̀ kídìnrín ti ń wáyé.

Èyí tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ìbẹ̀rẹ̀ ni creatinine ti máa ń tan èèyàn jẹ jù. Ọkùnrin ẹni ọdún 55 tí tiẹ̀ kúrò ní 0.9, tó di 1.4, ti já bọ́ láti nǹkan bíi 101 sí 59. Tí creatinine ẹni náà bá wá ti di 5, tó tún lọ sí 5.5, láti 13 sí bíi 11 péré ni. Ìdajì náà ni méjèèjì fi lé, àmọ́ ti àkọ́kọ́ tí kò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni ló kó ohun tó pọ̀ lọ.

Ẹ̀ẹ̀kan ò tó

Èsì kan ṣoṣo ò tó láti sọ pé èèyàn ní àìsàn kídìnrín ọlọ́jọ́ pípẹ́. Ó gbọ́dọ̀ tó oṣù mẹ́ta tí nọ́ńbà náà fi wà bẹ́ẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru, èébì, ibà tó le, ẹran púpọ̀ tí wọ́n jẹ kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀, eré ìdárayá tó wúwo, oògùn bíi Septrin, gbogbo wọn lè gbé creatinine sókè fúngbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi èyí dá ara yín láre o. Tó bá ga lójijì, tí èèyàn ò sì tọ̀ mọ́ tàbí tó ń mí gúlegúle, ọjọ́ náà ni kó lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìtọ̀ náà ní tirẹ̀ láti sọ. Tí asẹ́ bá ti lu, protein á máa jò sínú ìtọ̀, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ìtọ̀ máa hó bí ọṣẹ. Bébà kékeré tí wọ́n ń kì bọ ìtọ̀ lè fi hàn, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Èyí tó péye ju ìyẹn lọ ni ACR: tó bá kéré sí 30 mg/g, ó dára, 30 sí 300 ń kìlọ̀, ohun tó bá ju 300 lọ kò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ẹni tí eGFR rẹ̀ jẹ́ 70 tí ACR rẹ̀ sì jẹ́ 500 wà nínú ewu ju bàbá àgbàlagbà tó ní 55 tí ìtọ̀ rẹ̀ mọ́ lọ. Ó ṣeni láàánú pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń san owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́dọọdún láì yẹ ìtọ̀ wò.

Potassium náà máa ń wà níbẹ̀. 3.5 sí 5.0 ló yẹ kó jẹ́. Tó bá kọjá 6, ó lè dá ọkàn dúró lójijì, kì í ṣe ohun tí èèyàn á sùn lé lórí. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ tó pẹ́ nínú ìgò kó tó dé lábù lè mú kí potassium ga lórí ìwé lásán, ìdí nìyẹn tí dókítà fi lè ní kí wọ́n tún un gbà.

Kí ló dé tó fi pọ̀ láàárín wa?

Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ló wà níwájú, pẹ̀lú àwọn àìsàn tó ń ba asẹ́ fúnra rẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n nǹkan kan tún wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìran. Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ fi hàn pé oríṣi àbùdá APOL1 méjì kan wà tó ń mú kí kídìnrín tètè bàjẹ́, ó sì wọ́pọ̀ gan-an láàárín àwọn Yorùbá. Àbùdá yìí kan náà ló ń gba èèyàn lọ́wọ́ àwọn kòkòrò kan tó ń fa àìsàn oorun-àsùnjù, ìyẹn ló jẹ́ kó gbilẹ̀. Ìwádìí tó jáde ní 2024, tí wọ́n ṣe láàárín èèyàn tó lé ní 8,000 ní Nàìjíríà àti Ghana, rí i pé nǹkan bí ẹni mẹ́ta nínú mẹ́wàá ló jogún ẹ̀dà méjèèjì, àti pé ẹyọ kan pàápàá ń fi kún ewu náà. Kì í ṣe pé gbogbo ẹni tó ní in ló máa ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n tí kídìnrín bá ti yọ bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n lẹ́nu, ó yẹ kí àwọn tó kù nínú ilé lọ yẹ ara wọn wò.

Gbígbé pẹ̀lú rẹ̀

Ìfúnpá ló ṣe pàtàkì jù, ọ̀pọ̀ dókítà ń fẹ́ kó wà lábẹ́ 130/80. Oògùn bíi lisinopril tàbí losartan ń dáàbò bo asẹ́ náà fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, creatinine lè gbéra díẹ̀. Tí kò bá ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, kì í ṣe ìdí láti dá a dúró. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Aláboyún ò gbọ́dọ̀ lò wọ́n. Oògùn tuntun bíi dapagliflozin náà ń fa ọwọ́ àìsàn yìí sẹ́yìn, kódà fún ẹni tí kò ní ìtọ̀ ṣúgà.

Ohun míì tó ń pa kídìnrín nílé wa ni oògùn ara ríro tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri: diclofenac, ibuprofen, piroxicam. Ẹni tí eGFR rẹ̀ ti wálẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sọ wọ́n di oúnjẹ. Agbo ńkọ́? Kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tó wà nínú ìgò tí wọn ò kọ nǹkan sí lára, bẹ́ẹ̀ asẹ́ tó ti rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ máa gbà kọjá. Ìpara tó ń bóra náà, tí mercury bá wà nínú rẹ̀, ń ba kídìnrín jẹ́.

Iyọ̀ kó má ju ṣíbí tíì kan lọ lójúmọ́, ti inú Maggi náà wà nínú kíkà. Ẹni tí potassium rẹ̀ bá ga nìkan ló yẹ kó ṣọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn, ẹ̀wà, tòmátì àti omi àgbọn. Ó lè gé iṣu wẹ́wẹ́, kó fi omi púpọ̀ sè é, kó sì da omi náà nù. Ẹni tí tirẹ̀ kò ga kò ní láti fi ebi pa ara rẹ̀. Ní ti omi, mímu jálá kan kì í fọ kídìnrín. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kó mu. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú lè jẹ́ pé dókítà á ní kó dín in kù.

Tó bá ti wá sísàlẹ̀ 30, ẹ jẹ́ kí dókítà kídìnrín gan-an máa rí yín. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa gún apá tí ẹ kì í fi kọ̀wé mọ́, torí iṣan ibẹ̀ lè wúlò fún dialysis lọ́la. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, ni dialysis máa ń jẹ́ bó ṣe yẹ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ẹ̀ẹ̀kan rẹ̀ wá láti ₦50,000 sí ₦12,000 láwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan, tó fi mọ́ UCH Ìbàdàn, LUTH, àti FMC Ẹ̀búté Mẹ́ta àti ti Abẹ́òkúta. Bó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ₦144,000 ni fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, láì tíì ka abẹ́rẹ́ tó ń fún ara ní ẹ̀jẹ̀ àti owó ọkọ̀. Nílé wa náà ni wọ́n ti ń pààrọ̀ kídìnrín láti ọdún 2000, ní St. Nicholas l'Ékòó, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kọjá agbára ọ̀pọ̀ ìdílé.

Tí ẹ bá ń padà lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ kó gbogbo èsì àtẹ̀yìnwá dání, kódà ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, torí bí nọ́ńbà ṣe ń rìn ló fẹ́ rí. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò sínú ọ̀rá kan náà, kí ẹ sì fi ìgò agbo yẹn kún un.