Ìgbẹ́kẹ̀lé Nínú Ìpèsè Ọlọ́run ní Nàìjíríà, 1918 sí 1941

Àwọn Yorùbá a máa sọ pé màlúù tí kò ní ìrù, Ọlọ́run ní í bá a lé eṣinṣin. Onígbàgbọ́, Mùsùlùmí àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ni wọ́n jọ ń pa òwe yìí, kò sì sí ẹni tó ń jà á níyàn. Ohun tí òwe náà kò sọ ni irú ọwọ́ tí Ọlọ́run fi ń lé eṣinṣin ọ̀hún. Ṣé Òun nìkan ni, láìsí ẹnikẹ́ni láàárín, tàbí Ó lè rán ènìyàn àti egbòogi níṣẹ́? Láàárín ọdún 1918 sí 1941, ìbéèrè yìí di ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè fún àwọn Kristẹni kan ní Nàìjíríà.

Ọ̀rọ̀ náà gan-an, ìpèsè, yẹ ní àgbéyẹ̀wò. Nínú èdè àwọn babaláwo, ìpèsè ni oúnjẹ tí ènìyàn ń gbé kalẹ̀ fún àwọn ẹlẹ́yẹ kí wọ́n má baà ṣe é ní ibi. Ènìyàn ló ń pèsè, àwọn alágbára ayé ló ń gbà á. Nínú èdè ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ náà yí padà: Ọlọ́run ni Olùpèsè, ènìyàn ló ń gbà. Ẹni tó bá tẹ́wọ́ gba ìtumọ̀ tuntun yìí kò ní ohun tí yóò gbé kalẹ̀ mọ́ nígbà ewu bí kò ṣe ìgbẹ́kẹ̀lé.

Ewu ńlá sì dé ní ọdún 1918. Nínú oṣù kẹjọ ọdún náà, àrùn influẹ́ńsà gba èbúté Freetown wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọkọ̀ òkun gbé e dé Accra, ó sì dé Èkó nínú oṣù kẹsàn-án. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ti ń wá aláìsàn láti ilé dé ilé, ọ̀pọ̀ ènìyàn sá kúrò ní Èkó, wọ́n sì gbé àrùn náà lọ sí ìgbèríko. Ọkọ̀ ojú irin gbé e dé Òkè Ọya. Àwọn onímọ̀ ìtàn fojú bù ú pé iye àwọn tó kú ní Nàìjíríà tó ìdajì mílíọ̀nù. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ìjọba ti ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìsìn pa. Kókó kan wà tí kò yẹ kí a gbàgbé: ní ọdún náà, kò sí dókítà kan lágbàáyé tó ní oògùn tí ó lè wo àrùn yìí sàn.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn kan nínú ìjọ St. Saviour's, tí í ṣe ìjọ Áńgílíkà, kóra jọ fún àdúrà. Joseph Shadare, tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Sínọ́ọ̀dù, ni aṣáájú wọn. Sophia Odunlami, ọ̀dọ́mọbìnrin olùkọ́ tí àrùn náà ti kọlù tó sì yè, ń kéde pé kí àwọn ènìyàn fi oògùn sílẹ̀, kí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé àdúrà àti omi òjò. Wọ́n pe ẹgbẹ́ wọn ní Precious Stone, ìyẹn Òkúta Iyebíye. Nígbà tó yá, wọ́n rí ìwé ìròyìn Faith Tabernacle, ìjọ kan ní Philadelphia tó kọ oògùn lílò, èyí sì tún mú kí ẹ̀kọ́ wọn fìdí múlẹ̀.

Wọ́n jìyà nítorí ìgbàgbọ́ yìí. Ní ọdún 1922, nígbà tí wọn kò gbà láti yí ohùn padà lórí oògùn àti ìrìbọmi ọmọ ọwọ́, Shadare pàdánù ipò rẹ̀ ní Sínọ́ọ̀dù. Àwọn mìíràn ní láti fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì kó ọmọ wọn kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ. Àwọn tó ti ń bẹ Ọlọ́run kí Ó wo aláìsàn sàn wá ń bẹ̀ Ẹ́ fún oúnjẹ òòjọ́ àti ẹ̀kọ́ ọmọ. Ìgbẹ́kẹ̀lé wọn kọjá ọ̀rọ̀ ìwòsàn nìkan, ó di ìgbé ayé.

Níbòmíràn, ọ̀nà tí ìpèsè gbà dé yàtọ̀. Ní agbègbè ìsàlẹ̀ Odò Ọya, ebi tẹ̀lé àrùn náà, nítorí ikú ti mú ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kọ ebè iṣu lọ. Don Ohadike fi hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀ ti ọdún 1981 pé ìgbà yìí ni gbágùúdá, tí ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ kò kà sí tẹ́lẹ̀, wá gbilẹ̀ láàárín wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀ tó ti iṣu, ó sì lè wà nínú ilẹ̀ títí di ọjọ́ tí a bá fẹ́ jẹ ẹ́. Kristẹni tó bá pe èyí ní ìpèsè Ọlọ́run kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àgbẹ̀ ni ìpèsè náà gbà wá.

Ọdún 1930 mú ìnira mìíràn dé. Ọrọ̀ ajé àgbáyé dẹnu kọlẹ̀, iye owó kòkó já wálẹ̀. Nínú oṣù keje ọdún náà ni ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooye, Iléṣà, lábẹ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tó ti wa ọkọ̀ tí a fi ń tẹ títì rí. Ogunlọ́gọ̀ ènìyàn gbé omi wá kí ó gbàdúrà sí i. Omi kì í ṣe ohun tí tálákà ní láti yáwó rà.

Lẹ́yìn èyí, àwọn aṣáájú náà darapọ̀ mọ́ Apostolic Church ti ilẹ̀ Bìrìtéènì, tí àwọn aṣojú rẹ̀ kọ́kọ́ dé ní ọdún 1931. Kuiníìnì ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Àwọn míṣọ́nnárì ń lò ó nítorí ibà, wọn kò sì rí i pé ó tako ìgbàgbọ́. Lójú àwọn aṣáájú Nàìjíríà, ẹni tó ń wàásù pé Ọlọ́run nìkan ni Oníwòsàn kò gbọdọ̀ fẹnu kan oògùn. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1941, wọ́n ti pínyà. Apá tó kọ oògùn ni ó di Christ Apostolic Church.

Ìjà yìí kì í ṣe láàárín ẹni tó gbàgbọ́ àti ẹni tí kò gbàgbọ́. Ẹ̀kọ́ tí a bí nígbà influẹ́ńsà, àrùn tí kò ní oògùn, ni a wá gbé ka orí ibà, àrùn tó ní oògùn. Ní ọdún 1918, ẹni tó kọ oògùn kò pàdánù ìwòsàn kankan. Ní ogún ọdún lẹ́yìn náà, ìkọ̀sílẹ̀ kan náà lè pa aláìsàn. Síbẹ̀, kò tọ́ kí a fi èyí dá àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde lẹ́bi. Nígbà tí ìjọba àti dókítà kò ní ohunkóhun lọ́wọ́, àwọn ló fún aláìsàn ní ìdí tí kò fi ní sọ ìrètí nù.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìtàn ogún ọdún ó lé mẹ́ta yìí fi hàn pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ìpèsè rí: ó gba ọ̀nà àdúrà, ó gba ọ̀nà oko, ó sì gba inú ìgò oògùn. Ẹni tó gbà pé Ọlọ́run ní í lé eṣinṣin fún màlúù tí kò ní ìrù kò ní láti ti ọwọ́ darandaran dànù nígbà tí ó bá nà án.